Bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí pátákó tín-ín-rín: kí ló ń fà wá padà sídìí rẹ̀?

Ọmọ Òkè Àró

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó sójú kan, aago mọ́kànlá ti kọjá báyìí, ìpele kan ṣoṣo ni mo sì ń bá fà á. Ohun tí géèmù náà ní kí n ṣe kò ju kí n yí bọ́ọ̀lù kan gba orí pátákó lọ, kó má já, kó dé òpin kí àkókò tó tán. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀tá, kò sí ẹni tó ń lé mi. Bọ́ọ̀lù, pátákó, òfìfo nísàlẹ̀. Ìgbà 37 ni mo ti já. Mo kà á.

Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Òkè díẹ̀ lèèyàn máa kọ́kọ́ gùn kó tó dé ibẹ̀. Bí mo bá rọra wá, òkè yẹn á dá mi padà. Bí mo bá sáré wá, màá gùn ún tán lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù ò ní yà mọ́, tààrà ló máa gbà lọ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí. Bí wọ́n bá nà mí nínú géèmù bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, mo máa ń rí ẹni bú: rẹfirí ni, aṣọ́lé mi ni, pádì tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti kú ni. Nínú eléyìí, mi ò rí ẹnì kankan bú. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Bọ́ọ̀lù yẹn kì í purọ́. Síbẹ̀, kí ìbínú tó gòkè dé ọ̀fun mi, àtàǹpàkò mi ti tẹ ibi tí màá ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni, àbí nǹkan ń ṣe gbogbo wa?

Rímù Kẹ̀kẹ́

Ìwọ nìkan kọ́, àbúrò. Ẹni tó bá dàgbà sí Àkúrẹ́ kí fóònù tó gbòde á mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Rímù kẹ̀kẹ́ tí kò ní sípóòkù mọ́ la fi ń ṣeré nígbà tiwa. Wàá ki igi kékeré bọ inú ojú rímù yẹn, wàá máa tì í lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wẹ́rẹ́ ni. Wàhálà dé bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́. Rímù á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo máa wá máa sá tẹ̀lé e. O ò lè dì í mú, torí bí o bá fọwọ́ kàn án, ó ṣubú. Ohun tó kù fún ọ ni kí o fi igi náà kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́, kí o sì ti kàn án kí ẹ tó dé ibi tí o fẹ́ yà sí. Bí o bá dúró dìgbà tí ẹ débẹ̀, ó ti bọ́.

Géèmù tìrẹ yìí náà nìyẹn. O kì í wa bọ́ọ̀lù, ńṣe lò ń bẹ̀ ẹ́. Mọ́tò inú géèmù mìíràn, bí o bá ní kó dúró, á dúró. Bọ́ọ̀lù á ní kí o ṣe sùúrù ná kóun rò ó. Láàárín ìgbà tí o sọ̀rọ̀ sí ìgbà tó gbọ́, ibẹ̀ ni adùn wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru wà.

(Rímù tèmi wọ inú igbá obìnrin kan tó ń ta ata lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ẹ má bi mí bó ṣe parí.)

Ìyá Ìbejì

Ẹ wá wo àwọn ìbejì mi. Èyí tí wọ́n ń ṣe, fóònù fúnra rẹ̀ lèèyàn ń dà sọ́tùn-ún sósì kí bọ́ọ̀lù tó lọ. Bí Táíwò bá gbé e, ahọ́n á yọ síta, èjìká òsì á wọlẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ já lápá ọ̀tún, òun náà á dà sápá òsì bí ẹni pé ara òun ló máa fà á padà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó dà títí ó fi já bọ́ lórí àga. Fóònù ò fọ́ o, ó nawọ́ rẹ̀ sókè. Bọ́ọ̀lù ló já. Igbe tó sì ké, bọ́ọ̀lù ló ké e fún, kò tiẹ̀ rántí orúnkún tó bó.

Kẹ́hìndé kì í mira ní tiẹ̀. Á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dúró pátápátá, á mí kanlẹ̀, á tún sún un díẹ̀. Ìgbín ni Táíwò ń pè é. Ìgbín ti wà ní ìpele 41, ẹni tó ń sáré ṣì wà ní 26.

Mo wá gbà á lọ́wọ́ wọn kí n fi hàn wọ́n pé kò sóhun tó le níbẹ̀. Ìrẹsì mi jóná. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tísà Alágbàká

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní SS2, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ kọ́nà yẹn, ó ti ń yún mi lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀lù tó ń yí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ síwájú, ó sì ń pòyì lórí ara rẹ̀. Agbára òòfà ilẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ iṣẹ́ méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí eré bọ́ọ̀lù tó kún nínú fi máa ń le sí i ní ìdá 5 nínú 7 ti ohun tó kàn ń yọ̀ wálẹ̀ láìyí. Bọ́ọ̀lù tó jẹ́ èèpo lásán, tí inú rẹ̀ ṣófo, ìdá 3 nínú 5 ni tiẹ̀. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ gbé orí pátákó kan lé bíríkì, ẹ fi mábù dígí àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì sókè rẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mábù ló máa kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní torí pé ó wúwo ni. Rárá o. Ẹ mú mábù ńlá àti mábù kékeré, ẹ ó rí i pé wọ́n á jọ dé ni. Ibi tí ẹrù inú bọ́ọ̀lù kó sí ló ń ṣiṣẹ́: ti èèpo, ẹ̀bá ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà, ó sì gba agbára púpọ̀ kó tó lè pòyì.

Ó wá kan kọ́nà. Mọ́tò ní táyà 4 tó fi di ilẹ̀ mú. Ojú kan bí orí abẹ́rẹ́ ni bọ́ọ̀lù fi kan ilẹ̀, ojú yẹn nìkan ló sì lè fi yà. Bí eré rẹ bá di ìlọ́po 2, agbára tí o nílò láti yà ní kọ́nà kan náà á di ìlọ́po 4. Ohun tó ń jù ọ́ síta nìyẹn, Ọmọ Òkè Àró. Má ṣe fi ọwọ́ rẹ dá bọ́ọ̀lù dúró ní kọ́nà, ó ti pẹ́ jù. Òkè tó wà ṣáájú gan-an ni bíréèkì rẹ. Ti ẹ̀yìn sáré wá, àmọ́ jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù kó tó dé góńgó, kí òkè fúnra rẹ̀ jẹ eré náà tán. Bí o bá ṣe é dáadáa, bọ́ọ̀lù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí góńgó, ìwọ á wá fi ìka kàn án bí ẹni jí ọmọ lójú oorun.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, èémí ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gòkè. Orúnkún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹ.

Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Ballance, 2004 ló jáde. Bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè di bébà, igi tàbí òkúta. Bó bá jẹ́ bébà, fáànù lè fẹ́ ẹ sókè kọjá kòtò, àmọ́ kò lè ti àpótí. Òkúta ń ti àpótí, fáànù ò sì lè gbé e. Mo ti fi í kọ́ àwọn ọmọ rí, ọjọ́ yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó sùn.

Àgbà Kò Ṣeré

Tísà, ẹ ń fi físíìsì bo olè mọ́lẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù mi, bí mo bá já lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ìpolówó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá á bo ojú fóònù. Ibi tí wọ́n ti ń pa á kéré ju ojú kòkòrò lọ, bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìpolówó náà lo máa tẹ̀, á gbé ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Dátà mi ló ń jẹ. Wọ́n á tún bi mí bóyá mo fẹ́ wo òmíràn kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé dúró. Ẹnì kan ń fi ìjákulẹ̀ mi ra ẹran! Bí mi ò bá já, ebi á pa á. Ṣé ẹ wá rò pé ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ kí pátákó rẹ̀ fẹ̀?

Mo ti yọ ọ́ kúrò.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ẹ pa dátà kí ẹ tó ṣí i. Àwọn ọmọ mi ló kọ́ mi.

Kódù Ń Dùn

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, bàbá. Marble Madness tí Atari Games gbé jáde ní 1984, inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń jù kọ́ìnì sí ló wà. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 21 ló ṣe é, Mark Cerny, òun kan náà tó wá ṣe olórí àwọn tó gbèrò ètò inú PlayStation 4 nígbà tó yá. Kò sí igi pádì lára ẹ̀rọ náà. Bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n rì mọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yí, bí o bá gbá a kíkankíkan, ti inú tẹlifíṣọ̀n náà á sáré. Ìpele 6 péré ló ní. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé àkókò tó bá ṣẹ́ kù fún ọ lo máa gbé wọ ìpele tó kàn. Ẹni tó bá fi àkókò ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀, iwájú ló ti máa san gbèsè rẹ̀.

Àmọ́ mi ò gbà pé bọ́ọ̀lù kì í purọ́. Irọ́ ló ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo mọ̀ torí mo ti gbìyànjú láti kọ irú géèmù yìí nígbà tí mo wà ní FUTA. Kọ̀ǹpútà kì í wo bọ́ọ̀lù láìṣẹ́jú. Ńṣe ló ń yọjú wò ó, ká ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ń sáré mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, á ti rin ìdajì mítà láàárín ìyọjú kan sí èkejì. Bí pátákó tí mo tẹ́ síbẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kọ̀ǹpútà lè yọjú kó rí bọ́ọ̀lù lókè pátákó, kó tún yọjú kó rí i nísàlẹ̀. Lójú tiẹ̀, kò sí ohun tó kan ara wọn. Bọ́ọ̀lù ti la igi kọjá bí iwin. Tó bá jẹ́ fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń yọjú ní ìgbà 30 péré, mítà kan gbáko ló máa fò. Ọ̀nà àbáyọ wà, kí o ní kó yẹ gbogbo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà wò dípò ibi tó dé nìkan, àmọ́ iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ò sì ń ṣe é.

Irọ́ kejì wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, mo fi òtítọ́ sí i: bọ́ọ̀lù irin lórí pákó dídán, bó ṣe máa rí gan-an. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní bọ́ọ̀lù yìí ń yọ̀ bí ọṣẹ, kò jọ tòótọ́ rárá. Mo bá jẹ́ kí ilẹ̀ di bọ́ọ̀lù mú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi kún òòfà ilẹ̀ kó lè tètè já. Mo gbà á láyè kó lè yà díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, níbi tí kò ti kan nǹkan kan! Ó padà gbé e, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, báyìí ló wá rí bíi gidi." Marble Blast Gold ti 2003 tiẹ̀ ń jẹ́ kí mábù fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Mábù wo lẹ ti rí tó ń fò?

Ọmọ Òkè Àró

O mú mi. Mo gba ìdajì rẹ̀. Jẹ́ kí n tún un sọ: irọ́ kan náà ló ń pa fún mi lójoojúmọ́, èèyàn sì lè mọ irọ́ bẹ́ẹ̀ bá gbé. Ìgbà 37 tí mo já yẹn, ibì kan náà ni, lọ́nà kan náà. Èyí tí mi ò lè fara dà ni kí irọ́ máa yàtọ̀. Bí fóònù mi bá ti gbóná, bọ́ọ̀lù á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, á dúró díẹ̀, á fò síwájú. Ìyẹn ni mo fi ń fẹ́ jù ú sínú odò Àlà.

Ọ̀gá Atúnfóònùṣe

Ẹ má jù ú o, ẹ gbé e wá sí Arákàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, bọ̀dá kan gbé tiẹ̀ wá, ó ní bọ́ọ̀lù òun ń lọ sósì fúnra rẹ̀, kí n bá òun yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù. Nǹkan kékeré kan wà nínú fóònù tó ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà, òun ló ń sọ fún géèmù pé o ti dà á. Ṣùgbọ́n bọ̀dá yìí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ṣí géèmù náà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ojú fóònù tẹ́jú. Lọ́dọ̀ fóònù, ilẹ̀ wà lápá òsì. Mo gbé e sórí tábìlì mi, mo wọ inú sẹ́tíǹsì géèmù náà, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń tún ojú ìdúró rẹ̀ ṣe, ó parí. Ó fẹ́ san owó, mo ní kó ra ẹ̀pà.

Ẹ má ṣe é nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Gbogbo kòtò láti ibí dé Alágbàká ni bọ́ọ̀lù á bá yín fò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka fà á, ẹ yọ gíláàsì orí gíláàsì kúrò. Àwọn kan lẹ méjì léra wọn! Ẹ má fi sí iná tí ẹ bá ń ṣeré, pàápàá ṣájà tó ń ta ní ẹ̀bá títì, á jẹ́ kí ojú fóònù máa rí ìka tí kò sí níbẹ̀. Ooru rẹ̀ náà á sì mú kí fóònù dẹwọ́ eré kó má baà jóná, fífà tí Ọmọ Òkè Àró ń rí nìyẹn. Ẹ sì nu epo iyán alẹ́ kúrò lọ́wọ́.

Rímù Kẹ̀kẹ́

Iyán ò ní epo, ọ̀gá. Ọbẹ̀ ló ní epo. Ṣé ọmọ ibí lẹ?

Ọ̀gá Atúnfóònùṣe

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọbẹ̀ ni.

Pádì Tòkunbọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu kan ọ̀bọ. Géèmù Super Monkey Ball ti Sega, 2001, lórí ẹ̀rọ géèmù GameCube. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi rà wá, díìsìkì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tó délé. Inú bọ́ọ̀lù ni ọ̀bọ náà wà. Ẹ kì í ti bọ́ọ̀lù rárá nínú eléyìí o, ilẹ̀ ni ẹ ń dà. Gbogbo ayé á fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, bọ́ọ̀lù á tẹ̀lé e. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kọ́ìnì, igi tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ṣe é bíi.

Àṣírí kan tí mo fi borí ẹ̀gbọ́n mi: òrùka tó yí igi pádì GameCube ká ní igun 8. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà lórí pátákó tín-ín-rín, má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Ti igi yẹn wọ inú igun tòkè, kò ní yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́. Oṣù méjì ni mi ò fi sọ fún un.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé ọwọ́ ẹni nìkan ló ń fa jíjá. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó, ẹni tó ń ya fọ́tò, ká pè é bẹ́ẹ̀, máa ń ṣe tiẹ̀. Bọ́ọ̀lù yà, òun ò tíì yà, ó wá sáré yí padà, ibi tó jẹ́ iwájú lẹ́ẹ̀kan ti di ẹ̀gbẹ́, ìka rẹ ṣì ń tì í sí iwájú àtijọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi pa ọ̀bọ mi jù.

Rímù Kẹ̀kẹ́

Dída ilẹ̀ yẹn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àpótí igi kan wà tí ilé iṣẹ́ BRIO ní Sweden ti ń ṣe láti 1946, bọ́tìnnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń da ojú rẹ̀, bọ́ọ̀lù irin á máa yẹ ihò. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han kápẹ́ńtà àdúgbò mi, ó bá mi kan ọ̀kan, mo fi bọ́ọ̀lù inú bẹ́ríǹ mọ́tò sí i. Ihò 20 ni mo ní kó gbẹ́. Ó gbẹ́ 31, ó ní ọwọ́ òun ti wọ̀ ọ́. Láti Kérésì, ẹnì kan ṣoṣo ló ti dé òpin rẹ̀ nílé wa, ìyá mi ni, ẹni ọdún 74. Ìyá tí kì í yára sí nǹkan kan.

Àgbà Kò Ṣeré

Èló ni kápẹ́ńtà yẹn gbà? Kò ní ìpolówó nínú, àbí?

Ọmọ Òkè Àró

Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná! Mo yọ gíláàsì òkè kúrò, mo nuwọ́, mo yọ ọ́ lórí iná. Mo ṣe bí Tísà ṣe wí. Mo ti ẹ̀yìn sáré wá, mo ká ọwọ́ kúrò ní ìlàjì òkè. Bọ́ọ̀lù ń gòkè, ó ń rọ̀, ó ń rọ̀, mo rò pé ó fẹ́ padà. Ó dúró lórí góńgó. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dúró. Mo fi ìka kàn án, ó yà. Ìgbà 44 nìyẹn.

Lẹ́yìn kọ́nà yẹn, kọ́nà mìíràn ló wà. Ó dà gẹ̀rẹ́ wọ inú rẹ̀ ni o, kò sí òkè kankan tó máa bá mi jẹ eré. Mo já. Tísà, ṣé ẹ ò tíì sùn?

Tísà Alágbàká

Mi ò tíì sùn. Ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbì kankan, bó ti wù kó kéré?

Ọmọ Òkè Àró

Ó wà, lápá òsì, kó tó di pé ó yà. Kò ga ju ìdajì bọ́ọ̀lù lọ.

Tísà Alágbàká

Fi bọ́ọ̀lù ha á lára.